Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kọ́ Ló Pa Bàbá Sàlísù

Ọdún tí wọ́n parí ojú irin dé Blitta ni àyà dídùn bàbá mi di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Jìbírílù ni orúkọ rẹ̀. Sàlísù, bàbá tirẹ̀, ni ó ti Ṣakí wá ta obì gbánja ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, nígbà tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì, òun ni ó sì kọ́ ilé wa sí Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó gun òkè lọ sí àdúgbò àwọn Ifẹ̀, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Èmi Mùínátù ni àkọ́bí Jìbírílù. Mo ti wà nílé ọkọ, mo sì ti bí ọmọ kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìtàn tí wọ́n pa fún mi. Ó ṣojú mi.

Ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ́kọ́ sọ bí Bàbá Sàlísù, bàbá ńlá mi, ṣe kú, ìyókù kò ní yé yín.

Bàbá Sàlísù ní aládùúgbò kan tí ń jẹ́ Olúgbódi, àgbẹ̀, ọmọ Ifẹ̀. Èdè wọn àti tiwa jọra, a máa ń gbọ́ ara wa. Ilé Olúgbódi wà lókè tiwa gan-an, bí òjò bá sì rọ̀, omi òrùlé rẹ̀ a ṣàn wá bá ìdí ògiri wa. Wọ́n ti sọ ọ́ títí, kò sí ẹni tí ó ṣe nǹkan kan sí i. Ní ọdún kan, ògiri yàrá tí Bàbá Sàlísù ń kó obì sí wó lulẹ̀ mọ́jú, gbogbo obì tí ó wà níbẹ̀ sì bà jẹ́. Àwọn méjèèjì dúró sí ojú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí, gbogbo àdúgbò sì tú jáde. Bàbá Sàlísù ní àwọn ará òkè kò mọ ilé kọ́. Olúgbódi nawọ́ sí òkè, ó ní, "Sàlísù, òkè tí ò ń gùn lójoojúmọ́ yìí ni yóò bá mi dá ọ lẹ́jọ́!"

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Sàlísù jẹun ọ̀sán yó, ó gbé agbọ̀n obì rù, ó ń gun òkè lọ. Iwájú ilé Olúgbódi ni ó dé tí ó fi sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó di àyà mú, ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí.

Ta ni a óò wí fún nígbà náà pé kì í ṣe Olúgbódi ni ó pa á? Gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ràbíátù, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Ńlá, dúró ti òkú bàbá rẹ̀, ó búra pé láti ọjọ́ náà lọ, ará ilé Sàlísù kankan kò gbọdọ̀ kí ará ilé Olúgbódi. Ọdún mọ́kànlélógún ni a fi pa ìbúra náà mọ́. Bí mo ṣe ń dàgbà, bí a bá pàdé wọn lọ́nà, ilẹ̀ ni a máa ń wò. Ìyá mi, Àwẹ̀ní, a máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, a dín in tà, gbogbo Atakpamé ni ó sì ń jẹ ẹ́. Kò sí èyí tí ó wọ ilé Olúgbódi rí. Bí ọmọ wọn bá ṣèèṣì wá rà, ìyá mi a sọ fún un pé ó ti tán, kódà bí àwo bá kún.

Bàbá mi ni ó jogún òwò obì, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà dákú káàkiri, ó fi í sílẹ̀, ó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ojú irin tí òyìnbó Faransé ń là lọ sí àríwá. Wọ́n mú un sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ní ìkọjá Àníè. Dìnámíìtì ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní ẹ̀tù òkúta. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti fi ọwọ́ gé e, kí ó sì kì í bọ inú ihò tí wọ́n ti lu sára òkúta.

Ó sọ fún wa pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òun fọwọ́ kan ẹ̀tù náà, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ là òun sí méjì. Àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kẹta orí fífọ́ náà yóò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sinmi ní ọjọ́ Àìkú, tí ó tún padà fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ Ajé, orí yóò tún fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Wọ́n tilẹ̀ fún un lórúkọ: orí fífọ́ ọjọ́ Ajé. Àwọn kan a máa fi èérún ẹ̀tù náà pamọ́ sínú fìlà ní ọjọ́ ìsinmi, kí ara wọn má baà gbàgbé rẹ̀. Bàbá mi ní ìwà wèrè ni, òun kò lè fi ẹ̀tù sórí sùn.

Nǹkan kan wà tí kò yé e. Kí ó tó lọ síbẹ̀, àyà ti ń fún un díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ń gun òkè wa. Ṣùgbọ́n ní ibi òkúta, tí ó ń gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ó bá wá sinmi ọjọ́ mélòó kan nílé ni àyà dídùn náà máa ń padà, pàápàá tí ó bá dé iwájú ilé Olúgbódi.

"Ṣé o rí i báyìí?" ni Ìyá Ńlá máa ń wí. "Ibi tí ó ti pa bàbá rẹ náà ni ó ti ń dè ọ́."

Nígbà tí iṣẹ́ ojú irin parí, bàbá mi padà sílé pátápátá. Kò pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ náà fi di ńlá. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn débi pé ètè gbogbo wa là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wá kí àwọn òbí mi, mo bá ìyá mi tí ó dúró sí ojú ọ̀nà, tí ó ń wo òkè. Bàbá mi ti jẹ ẹ̀kọ tán, ó ń lọ, ó sì ti dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé. Ìyá mi sáré bá a.

"Bàbá Mùínátù, kí ló dé?"

Ó di ìkúùkù, ó gbé e lé àárín àyà. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Nígbà tí ó mí tán, ó ní, "Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé odó lé mi láyà. Ó ń fà wá sí apá òsì mi, ó ń gòkè dé eyín ìsàlẹ̀."

Ìyá Ńlá lọ gba hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, wá lọ́dọ̀ Àlùfáà, bàbá mi mu ún fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ méjèèje náà, inú ilé ni ó jókòó sí, àyà kò sì dùn ún. Inú gbogbo wa dùn. Ọjọ́ kẹjọ ó jáde, kò dé ìdajì òkè tí ó tún di àyà mú.

Ìyá mi ni ó sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba ni ó kù.

Ìyá Ńlá dìde dúró. "Àwẹ̀ní, ẹni tí wọ́n ta lọ́fà láyà, ṣé abẹ́rẹ́ òyìnbó ni yóò yọ ọ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. "Ẹ má bínú, Ìyá Ńlá. Ẹ ti ṣe tiyín, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi. Bí ó bá kú sílé, èmi ni opó."

Èmi ni mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ. Dókítà tí a bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, Dominique ni wọ́n ń pè é, ọmọ Datcha nítòsí ibẹ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar. Nígbà tí ó kí wa ní èdè Ifẹ̀, mo rí i bí ojú bàbá mi ṣe yí padà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n tún fà mí lé lọ́wọ́." Mo dibọ́n bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni dókítà wí. "Ẹ fi ibi tí ó ń dùn yín hàn mí."

Bàbá mi tún di ìkúùkù, ó gbé e lé àyà. Dókítà wo ìkúùkù náà dáadáa, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

"Nígbà wo ni ó máa ń ṣe yín?"

"Bí mo bá ń gun òkè."

"Bí ẹ bá dúró ńkọ́?"

"A lọ. Kì í pẹ́."

"Ṣé ó máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán? Tàbí láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú?"

Bàbá mi yíjú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ti lọ tú àṣírí rẹ̀. Àkàsọ̀ oní-òkúta kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ gùn ún, wọ́n sọ̀, wọ́n tún gùn ún. Nígbà kejì, bàbá mi dúró, ó di àyà mú. Dókítà gbé e jókòó, ó yọ ìgò kékeré kan, ó mú hóró oògùn kan jáde tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ.

"Ẹ fi sí abẹ́ ahọ́n. Ẹ má gbé e mì."

Kò tó ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi lè ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí bàbá mi fi sọ ọwọ́ kúrò láyà. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo dókítà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

"Dókítà! Kí lẹ fún mi yìí? Orí fífọ́ ọjọ́ Ajé ni!"

Kò yé dókítà. Bàbá mi wá ròyìn ibi òkúta fún un, bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀tù, bí orí ṣe ń fọ́ wọn, bí àyà rẹ̀ ṣe ń dákẹ́ níbẹ̀ tí ó sì ń padà nílé. Dókítà sọ kálámù sílẹ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí ó wá gbọ́ nǹkan.

"Bàbá, ohun tí ó wà nínú ẹ̀tù òkúta yẹn gan-an ni ó wà nínú hóró yìí. Ó kàn kéré ni."

"Ẹ fi ẹ̀tù sí mi lẹ́nu?"

"Kò ní bú, ẹ má bẹ̀rù." Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga súnmọ́ bàbá mi. Ó ṣàlàyé pé ọkàn jẹ́ ẹran tí kì í sinmi, tọ̀sán-tòru ni ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ni òun náà ń jẹ. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ fún un. Ó rí ẹnu kòkò tábà tí ó yọ lápò bàbá mi, ó ní kí ó yọ ọ́. "Ẹ fa á mu bẹ́ẹ̀, láìfi iná sí i." Bàbá mi fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó kọjá.

"Kí ló dí i?"

"Ìdọ̀tí tábà ni. Ó ti pẹ́."

"Báyìí ni inú àwọn iṣan ọkàn yín ṣe ń dí. Bí ẹ bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kọjá tó o. Bí ẹ bá gun òkè, ọkàn ń fẹ́ sí i, kò rí i gbà, ó sì ń ké. Igbe rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ ní àyà. Hóró yìí ń mú kí iṣan náà fẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù òkúta ṣe ń wọ ara yín láti ọwọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gé e."

"Ṣé hóró yìí yóò wá là á tán?"

Dókítà kò purọ́ fún un. Mo ṣì ń dúpẹ́ fún èyí títí di òní. Ó ní kò sí oògùn kankan tí òun mọ̀ tí ó lè kó ohun tí ó dí iṣan náà kúrò. Ó ní ọjọ́ kan lè wà tí ọ̀kan nínú wọn yóò dí pátá lójijì, ẹni tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ sí lè kú kí wọ́n tó gbé e délé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀, tí kì í jẹ àjẹyó kí ó tó gun òkè, tí ó ń bo àyà rẹ̀ lọ́wọ́ ọyẹ́, tí ó ju tábà nù, tí ó ń fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n kí ó tó ṣe ohun tí yóò le, ó lè pẹ́ láyé dáadáa. Ó ní bí ó bá lo mẹ́ta tẹ̀léra tí àyà kò sì dákẹ́, kí wọ́n wá pe òun, ìgbà yòówù kí ó jẹ́. Bàbá mi gbé kòkò tábà náà sórí tábìlì dókítà, kò sì mú un mọ́.

A ti ń dìde nígbà tí dókítà béèrè pé, "Bàbá tó bí yín ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?"

Èmi ni mo sọ ọ́: oúnjẹ ọ̀sán, agbọ̀n obì, òkè, ọwọ́ ní àyà.

"N kò sí níbẹ̀," ni dókítà wí, "n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí. Ohun tí ẹ sọ yìí, bí wọ́n bá gbé e wá bá mi, n kò ní wá nǹkan mìíràn lọ."

"Ọkùnrin kan ṣépè fún un," ni bàbá mi wí.

Dókítà nawọ́ sí ìgò oògùn náà. "Bàbá, ṣé èpè ni ẹ̀tù òkúta ń wò?"

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a padà délé, bàbá mi wẹ̀, ó wọ agbádá funfun rẹ̀, ó ní kí ìyá mi ṣa obì tí ó dára, òun ń lọ sí ilé Olúgbódi. Ìyá Ńlá dí ẹnu ọ̀nà.

"Jìbírílù, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni ó wà lára mi yìí, àìsàn rẹ̀ náà ni mo jogún. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló pa á. Ọdún mọ́kànlélógún ni a ti fi ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀."

Ìyá Ńlá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé bàbá mi. Ó fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n, a sì rọra gòkè. Olúgbódi ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ẹ̀pà. Bàbárímisá, ọmọ rẹ̀, tí ó rí wa, dìde, kò mọ̀ bóyá ìjà ni a bá wá.

"Ta ni yẹn?" ni arúgbó náà béèrè.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Jìbírílù ọmọ Sàlísù. Mo wá tọrọ àforíjì ni, Bàbá."

Ọwọ́ Olúgbódi dúró nínú ẹ̀pà. Bàbá mi ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìkúùkù dé orí hóró oògùn. Ó ro ohun tí dókítà sọ nípa Bàbá Sàlísù. Nígbà tí ó parí, arúgbó náà kò sọ pé òun dárí jì wá. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Dókítà ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó dá a lójú?"

"Ó ní òun kò ní wá nǹkan mìíràn lọ."

Omi bọ́ lójú Olúgbódi. Mo ti rí arúgbó tí ń sunkún rí, n kò rí èyí tí ó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbà pé èmi ni mo pa á? Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìbínú, ọkùnrin náà sì kú ní ẹnu ọ̀nà mi. Mo rò pé nǹkan wà nínú ẹnu mi. Láti ọjọ́ náà n kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Kódà ewúrẹ́ tí ń jẹ iṣu mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni. Bí àwọn ọmọ mi bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń sá wọ yàrá kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́ lẹ́nu mi."

Bàbárímisá tí ó dúró wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bàbá rẹ̀ ni. Ó ní, "Bàbá, a rò pé ẹ kò fẹ́ràn wa ni."

Ìyá mi gbé obì sílẹ̀. A jẹ ẹ́ pọ̀. Kí a tó lọ, Olúgbódi fi ọwọ́ wá orí bàbá mi, ó gbé e lé e, ó sì ṣàdúrà fún un. Ó ti pẹ́ tí kò ti fi ẹnu yẹn ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ náà, Bàbárímisá la ojú àgbàrá fún omi òrùlé wọn gba ẹ̀yìn ilé, ó sì gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sábẹ́ igi máńgòrò kí bàbá mi lè máa sinmi níbẹ̀ bí ó bá ń gòkè. Àwọn arúgbó àdúgbò ni ó tilẹ̀ ń lò ó jù ú lọ.

Ìyá Ńlá kò bá wa parí ìjà náà. Ó ń dáhùn bí a bá kí i, ìyẹn nìkan.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá mi ti jẹun, ó gbàgbé, ó fẹ́ tètè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan kí òjò tó rọ̀, ó sì yára gun òkè. Àyà mú un lábẹ́ igi máńgòrò, èyí sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ó ti ń mú un. Ó jókòó lórí òkúta, ó yọ ìgò, kò lè ṣí i. Olúgbódi gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Òun tí kò ríran fọwọ́ táràrà títí ó fi rí ìgò náà, ó fi eyín fa ìdérí rẹ̀ yọ, ó sì fi hóró kan sí i lábẹ́ ahọ́n. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu bàbá mi títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó fún un ní èkejì. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta tí kò sí àyípadà, ó pariwo pe Bàbárímisá kí ó sáré lọ pe dókítà.

Dókítà dé nínú òjò. Ó gún bàbá mi lábẹ́rẹ́ kí ìrora náà lè rọlẹ̀, wọ́n fi àga gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan náà ti dí, apá kan ọkàn rẹ̀ sì ti gbọgbẹ́. Kí ọgbẹ́ náà lè jinná, kò gbọdọ̀ dìde lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ìyá mi ni ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Èmi ń wẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, mo rí ẹnì kan tí ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níwájú Olúgbódi, tí ó gbé àwo wàrà síwájú rẹ̀. Mo rò pé ìyá mi ni. Ìgbà tí mo súnmọ́ ni mo rí i pé Ìyá Ńlá ni. Ó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni." Mo gba ọ̀nà mìíràn kọjá, n kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo rí òun.

Bàbá mi dìde. Kò tún gbé ẹrù mọ́ láyé rẹ̀. Ìyá mi ni ó ń bójú tó òwò, òun ń jókòó tì í, ó ń kí àwọn oníbàárà. Bí oṣù àwẹ̀ bá dé, Lèmọ́mù ní kí ó má gbààwẹ̀, kí ó máa bọ́ aláìní. Ó dùn ún lọ́dún àkọ́kọ́, ó sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Wọ́n gbé dókítà lọ sí Sokodé nígbà ogun àgbáyé kejì, oògùn náà sì wọ́n gan-an. Bí dókítà bá rí díẹ̀ níbẹ̀, a fi òwú dì í sínú ìgò, a fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan láti Blitta pé kí ó fi í lé wa lọ́wọ́. Ìgbà mìíràn, oṣù mẹ́ta lè kọjá kí a tó rí òmíràn. Nígbà náà, bàbá mi a rọra máa rìn bí alágẹmọ, a máa jẹun díẹ̀díẹ̀, a sì wà láàyè.

Lẹ́yìn tí ogun parí, a gbọ́ pé dókítà ń lọ sí Lomé, pé ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ yóò dúró ní Agbonou, nítòsí wa. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ. A jáde ní kùtùkùtù kí a lè máa sinmi lọ́nà, a sì dé ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Dókítà yọ orí lójú fèrèsé, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó pariwo pé, "Bàbá! Ẹ ṣì wà!"

"Mo wà, Dókítà. Ẹ ní mo lè pẹ́ bí mo bá gbọ́ràn."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó sì ń fi ìka wo ìlù ọkàn rẹ̀ láìsọ fún un. Ó béèrè Olúgbódi.

"Ó ti lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Orí ibùsùn ni ó kú sí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi isà. Wọn kò jẹ́ kí n gbé pósí."

"Wọ́n ṣe dáadáa," ni dókítà wí.

Bàbá mi ti múra ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ gígùn kan sílẹ̀ láti àná, mo gbọ́ ọ tí ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nínú yàrá. Kò rántí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Dókítà, mo rí ìgbéyàwó àwọn ọmọ mi. Mo rí ọmọ ọmọ. Mo sì ń kí gbogbo ènìyàn ní òpópónà wa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí àdánù."

Dókítà fẹ́ fèsì, ọkọ̀ fọn fèrè. Ìyá mi na wàrà tí ó dì sínú ewé sí i, ó gbà á, ó sì gòkè padà. A dúró títí ọkọ̀ fi yí ẹ̀yìn òkè. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ìyá mi ní, "Ó yá, Bàbá Mùínátù, ká máa lọ díẹ̀díẹ̀." A dúró sinmi lẹ́ẹ̀marùn-ún kí a tó délé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀kọ àti wàrà díẹ̀, ó kírun, ó sì sùn wọra.